Ilẹ̀kùn Oníkáàdì: Kí Olè Má Wọlé, Kí Èrò Inú Ilé sì Lè Jáde

 

Ní ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀, a ó dìbò lórí ilẹ̀kùn oníkáàdì tí a fẹ́ fi sí ilé ìtajà ẹgbẹ́. Àwọn kan ń sọ pé irú èyí tí kò ní ṣí rárá bí iná mànàmáná bá lọ ni kí á rà, nítorí olè. Kí á tó dìbò, ó yẹ kí á mọ bí nǹkan yìí ṣe ń ṣiṣẹ́.

Oríṣi méjì ni. Èkínní ni ti mágnẹ́ẹ̀tì. Iná mànàmáná ló fi ń di ilẹ̀kùn mú, agbára àwọn tó wọ́pọ̀ sì tó ìwọ̀n kílò 280 tàbí 545. Bí iná bá ti kúrò lára rẹ̀, ilẹ̀kùn á ṣí. Èkejì ni èyí tó máa ń wà ní títì bí iná bá lọ. Kò burú, bí ẹni tó wà nínú bá lè fi ọwọ́ yí i kí ó sì jáde láìlo káàdì. Bí kò bá ṣeé yí, ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n ni.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 1911, iná jó ilé iṣẹ́ aránṣọ Triangle ní ìlú New York. Ilẹ̀kùn kan ní àjà kẹsàn-án wà ní títì, torí kí òṣìṣẹ́ má bàa jí ẹrù jáde. Àwọn tó sá dé ìdí rẹ̀ kò rí i ṣí. Ènìyàn 146 ló kú ní ọjọ́ náà. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹrù tí olè gbé ṣeé tún rà.

Ẹ ó ní: bí ti mágnẹ́ẹ̀tì bá ń ṣí nígbà tí iná bá lọ, ṣé olè kò ní wọlé ni? Bátìrì ni a ó fi dí i. Èyí tó kéré nínú wọn ń jẹ nǹkan bí ìdajì amp lórí 12 volt. Bí a bá ṣírò rẹ̀, bátìrì tí wọ́n kọ 12 volt, 7 Ah sí lára yẹ kó gbé e fún wákàtí 14. Ṣùgbọ́n kò ní tó bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀rọ tó ń ka káàdì náà ń jẹ níbẹ̀, bátìrì a sì máa gbó.

Lálẹ́, nígbà tí kò bá sí ẹnì kankan nínú ilé mọ́, àgádágodo àti géètì irin ni kí á gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹni tí yóò tì í gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ inú ilé wò yíká. Bí èrò bá wà nínú ilé, kí géètì wà ní ṣíṣí.

Ohun tí a ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ náà nìyí:

1. Kí bọ́tìnnì ìjáde wà nínú ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i.

2. Kí àpótí pàjáwìrì aláwọ̀ ewé wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, kí ó já iná tó ń lọ sára mágnẹ́ẹ̀tì gan-an, kì í ṣe kí ó rán kọ̀ǹpútà níṣẹ́. Kọ̀ǹpútà lè kọ̀.

3. Kí wọ́n so ilẹ̀kùn mọ́ aago ìkìlọ̀ iná. Bí aago bá ké, kí ilẹ̀kùn ṣí fúnra rẹ̀.

4. Kí wáyà àti ẹ̀rọ tó ń darí rẹ̀ wà nínú ilé, kí olè má lè dé ibẹ̀ láti òde.

Kí á tó san owó tó kù, kí á pe panápaná wá yẹ iṣẹ́ náà wò. Kí á pa iná, kí á yọ bátìrì, kí á wò ó bóyá ilẹ̀kùn á ṣí. Kí á dá iná padà, kí á tẹ àpótí náà. Lẹ́yìn èyí, kí á máa dán an wò lóṣooṣù.

Owó gbogbo wa ni a ó ná. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kí ó mú un wá sí ìpàdé.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́