Ráútà wo la máa rà, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ti dúró?

Ẹ ń bi mí ní ráútà ilé, torí bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, oníbàárà á ní òun ti sanwó, alẹ́ẹ̀tì ò ní wọlé, ẹrù á sì ti lọ.

Ẹ má wo báà lójú ẹ̀ nìkan. Báà lè pé, kí ariwo bo síńgínà. Ẹ wọ péèjì ráútà lórí fóònù, ẹ wo RSRP, òun ni agbára: -80 dáa, -110 ti rẹ̀ ẹ́. SINR ló ń sọ ti ariwo: 20 dáa gan-an, tó bá ti sún mọ́ 0, wàhálà dé.

Tó bá jẹ́ agbára ló kéré, ẹ ra èyí tó ní ihò áńtẹ́nà lẹ́yìn, kì í ṣe MiFi kékeré yẹn. Ẹ gbé áńtẹ́nà síta, kó kọjú sí òpó, torí páànù òrùlé wa ń dí síńgínà. Wáyà ẹ̀ ò gbọdọ̀ gùn jù, ó ń jẹ agbára. Kó gba 800 MHz náà, ìyẹn ń rìn jìnnà, ó sì ń wọ ògiri ju 2600 lọ.

Tó bá jẹ́ ariwo ni, ẹ yí áńtẹ́nà síbòmíì, tàbí kẹ́ ẹ pààrọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ yá síìmù oríṣìíríṣìí, ẹ fi fóònù dán an wò nínú ilé lálẹ́, nígbà tí gbogbo ayé wà lórí ẹ̀. Èyí tí wọ́n tì mọ́ síìmù kan ṣoṣo, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.