Sípíkà Tí Kò Gbọ́ Bluetooth: Ẹ Yẹ̀ Ẹ́ Wò Kí Owó Tó Yí Ọwọ́

 

Ìjà kan ṣẹlẹ̀ ní ìlà àwọn tó ń ta rédíò àti sípíkà tòkúnbọ̀, àwa ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ la sì parí ẹ̀. Ìjà yìí ló mú ká kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ra sípíkà kékeré kan lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa. Ó gbé e délé, ó tan Bluetooth fóònù ẹ̀, ó wá sípíkà náà títí, kò rí i. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ló gbé e padà, ó ní ọjà tó ti bàjẹ́ ni wọ́n tà fún òun. Ìyá náà fi Ọlọ́run búra pé ọjà òun ò bàjẹ́, pé ojú àwọn méjèèjì ni iná ẹ̀ ṣe tàn. Ṣé ẹ rí i, àwọn méjèèjì ló jàre. Sípíkà náà ò bàjẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí Bluetooth nínú ẹ̀ rárá. Wi-Fi nìkan ló gbọ́.

Àwọn ìyá wa tó ti lọ tọ́jú ọmọ ní London tàbí ní Amẹ́ríkà á ti rí irú ẹ̀. Ẹ jókòó sí pálọ̀, orin ń dún. Ẹ wọ kíṣìnì, orin yẹn náà ló ń dún níbẹ̀. Ẹ gun òkè lọ sí yàrá, ó ti ṣáájú yín débẹ̀. Ẹ ò rí wáyà kankan. Ọmọ yín kàn fọwọ́ kan fóònù ni. Ọ̀kan nínú wa sọ pé òun kọ́kọ́ rò pé aládùúgbò ló ń ṣe àríyá.

Èyí tí gbogbo wa mọ̀ nílé níbí ni Bluetooth. Bluetooth dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sí ẹnì kan létí. Fóònù fúnra ẹ̀ ló ń gbé orin fún sípíkà, ní nǹkan bíi mítà 10. Bí ògiri bá wà láàárín, ó lè má tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá mú fóònù jáde lọ ra ata, orin á gé. Bí ẹnì kan bá pè yín, orin á dákẹ́. Ṣùgbọ́n kò béèrè ẹ̀rọ mìíràn, bí orin bá sì ti wà nínú fóònù, kò béèrè dátà. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tó fi bá ìsọ̀ wa mu.

Ti ilé àwọn ọmọ wa lókè òkun yàtọ̀. Ẹ̀rọ kan wà nínú ilé tí wọ́n ń pè ní ráútà, òun ló ń pín íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri. Sípíkà kọ̀ọ̀kan, ti pálọ̀, ti kíṣìnì, ti yàrá, ráútà yìí ni wọ́n so mọ́. Nínú ọ̀pọ̀ irú ẹ̀, fóònù kì í gbé orin rárá. Àṣẹ ló ń pa. Ó dà bí ìgbà tí ẹ rán ọmọ sí alájàpá, tí alájàpá fúnra ẹ̀ wá gbé ẹrù wá bá yín. Sípíkà ló ń lọ mú orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà ẹ lè gba ìpè, orin ò ní dúró. Ti AirPlay, tí ilé iṣẹ́ Apple ṣe, fóònù ló sábà máa ń gbé orin, àmọ́ orí Wi-Fi náà ló ń gbà.

Ibi tí iṣẹ́ wà ni kí gbogbo wọn dún pọ̀. Ẹ rántí àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ ariwo kiri láti ta oògùn eku: bí méjì bá ń ké ohùn kan náà, tí ọ̀kan fi díẹ̀ ṣáájú èkejì, etí ò ní gbọ́ nǹkan kan. Kí tinú ilé má bàa rí bẹ́ẹ̀, àwọn sípíkà náà máa ń gba díẹ̀ nínú orin pa mọ́ ṣáájú, wọ́n á mú aago inú wọn bára mu, wọ́n á wá jọ dún lẹ́ẹ̀kan náà.

Ilé iṣẹ́ Sonos ní California, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2002, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ tà á. 2005 ni tiwọn àkọ́kọ́ dé ọjà. Ẹ gbọ́ ná, ibí yìí ló kan àwa tí a ń ta tòkúnbọ̀. Ní 2019, Sonos ní kí oníbàárà tó ní ti àtijọ́ wá gba ẹ̀dínwó 30 nínú 100 lórí tuntun. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa àṣẹ kan fún ti àtijọ́ ọ̀hún. Lẹ́yìn ọjọ́ 21, sípíkà náà á kú pátápátá. Sípíkà tí nǹkan kan ò ṣe o! Ayé pariwo, wọ́n sì fagi lé e ní oṣù kẹta 2020. Láti oṣù karùn-ún ọdún yẹn náà ni wọn ò ti fi ohun tuntun kún àwọn tó pẹ́ jù mọ́. Wọ́n ṣì ń dún, ṣùgbọ́n áàpù tiwọn yàtọ̀ sí ti tuntun. Ní 2024 ẹ̀wẹ̀, wọ́n pààrọ̀ áàpù, ọ̀pọ̀ nǹkan tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ ló kọ̀, títí ọ̀gá wọn fi tọrọ àforíjì. Lójú tiwa, èyí ò dáa. Rédíò oníbátìrì tí àwọn bàbá wa rà, àfi kó bọ́ kó fọ́. Kò sí ẹni tó lè jókòó sí Amẹ́ríkà kó ní kó dákẹ́.

Owó dátà ńkọ́? Orin tó dún dáadáa, èyí tí wọ́n ń pè ní 320 kbps, ń jẹ MB 144 ní wákàtí kan. Èyí tó mọ níwọ̀n, 96 kbps, ń jẹ nǹkan bíi MB 43. Ẹ fi wákàtí 8 tí ẹ ń lò ní ìsọ̀ ṣírò ti àkọ́kọ́: ó ju GB 1 lọ lójúmọ́. Bí yàrá mẹ́ta bá ń kọ orin mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó di ìlọ́po mẹ́ta. Bí iná bá sì lọ, tí ráútà kú, gbogbo ilé dákẹ́ nìyẹn.

Àwọn kan tún ní etí. Amazon Echo, tó jáde ní 2014, ń dúró de ìgbà tí ẹ máa pe orúkọ ẹ̀. Bọ́tìnì wà lórí ẹ̀ tí ẹ lè fi dí i létí. Ẹni tó bá ń ka owó àjọ nínú yàrá, kó tètè wá bọ́tìnì yẹn jàre.

Nípa ìjà wa, a ní kí ìyá náà dá owó padà, kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì bẹ̀ ẹ́ fún ariwo tó pa. Ìyá náà ò purọ́, kò mọ̀ ni. Ní báyìí ó ti ra ráútà kékeré oníbátìrì sí ìsọ̀. Bí ẹrù bá dé, ó máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó kó o wá bóyá wọ́n ti yọ orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín kúrò nínú ẹ̀. Bí oníbàárà bá dé, á bi í pé, "Ṣé Wi-Fi wà nílé yín?" Bí kò bá sí, á gbé oní-Bluetooth fún un. Bó bá wà, wọ́n á so ó pọ̀, wọ́n á gbọ́ orin kan tán kó tó gbowó. Sípíkà tó dá ìjà sílẹ̀ yẹn, onílé ìtura kan ló rà á lọ́sẹ̀ kejì, ó sì ti padà wá béèrè méjì sí i.