Bí Ọkọ̀ Bá Ń Gbọ̀n Lẹ́yìn Pípààrọ̀ Táímìn Bẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ẹ ń fi Hiace onídíísù, 2L tàbí 3L, kó obì ní Ṣágámù, ẹ gbọ́ o. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ bẹ́ẹ̀tì, tí ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n, tó ń rú èéfín, tí kò lágbára, ẹ má tíì ra nọ́sù tuntun. Eyín bẹ́ẹ̀tì lè ti fo kan. Bẹ́ẹ̀tì yìí ló so kráńkì, kámù àti pọ́ọ̀ǹpù díísù pọ̀. Kráńkì ń yí lẹ́ẹ̀mejì kí kámù tó yí lẹ́ẹ̀kan. Mẹkáníìkì tó bá ní "ẹ máa wà á lọ, á gbọ́n," ẹ má dá a lóhùn. Kí ó fi sípánà yí kráńkì lẹ́ẹ̀mejì gbáko, kí àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tún bára mu. Bó bá há lójú ọ̀nà, ẹ má jẹ́ kó sítáàtì rẹ̀: písítìnì ló ń lu fáàfù yẹn. Títún orí ẹ́ńjìnnì ṣe ń jẹ owó, ẹ̀yáwó ọkọ̀ yín ò sì ní dúró dè yín.