Íńtánẹ́ẹ̀tì Nínú Ọkọ̀ Oníná Mọ̀nàmọ́ná

Gbogbo wa ni a mọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ń mu epo. Awakọ̀ a rọ epo sí i, ẹ́ńjìnnì a dún, èéfín a sì máa jáde ní ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ọkọ̀ mìíràn wà tí kì í mu epo rárá. Iná mọ̀nàmọ́ná ni oúnjẹ rẹ̀. Bátìrì ńlá kan wà ní abẹ́ rẹ̀. A ó ki okùn iná bọ ọkọ̀ náà, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe sí fóònù, títí bátìrì rẹ̀ yóò fi kún. Nígbà tí awakọ̀ bá fẹ́ lọ, iná inú bátìrì yìí ni yóò máa yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ọkọ̀ náà kì í rú èéfín, ariwo rẹ̀ kò sì pọ̀.

Ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ Tesla wà lára àwọn tí ń ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2012 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ta èyí tí wọ́n pè ní Model S. Bí ènìyàn bá wọ inú rẹ̀, yóò rí ojú ẹ̀rọ aláwòrán ńlá kan tí ó dàbí tẹlifísàn ní iwájú. Ìka ni a fi ń tẹ̀ ẹ́. Lórí rẹ̀ ni awakọ̀ ti ń wo àwòrán ọ̀nà, ibẹ̀ ni ó sì ti ń yan orin. Kọ̀ǹpútà ni ó ń darí gbogbo rẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà nílò íńtánẹ́ẹ̀tì, èyí tí ó so àwọn kọ̀ǹpútà káàkiri àgbáyé pọ̀, kí ó tó lè gba ìròyìn láti òkèèrè.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí íńtánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe nínú ọkọ̀ yìí. Íńtánẹ́ẹ̀tì kọ́ ni ó ń mú ọkọ̀ rìn. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá já ní àárín ọ̀nà, ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò ní dúró, ìjánu rẹ̀ yóò sì máa ṣiṣẹ́. Bákan náà, kì í ṣe íńtánẹ́ẹ̀tì ni ó ń sọ ibi tí ọkọ̀ wà fún un. Àwọn sátẹ́láìtì tí ń yí ayé po ní òfuurufú ni ó ń ṣe iṣẹ́ yẹn, a sì ń pe ètò náà ní GPS.

Kí wá ni íńtánẹ́ẹ̀tì ń ṣe? Ó ń mú ìròyìn wá pé ọkọ̀ pọ̀ jù ní ojú ọ̀nà kan, kí awakọ̀ lè gba ibòmíràn. Ó ń mú orin àti àwòrán tí ń rìn wá. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé ó ń gbé àtúnṣe wá fún kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, Tesla ní láti ṣe àtúnṣe sí ètò kan tí ń ran awakọ̀ lọ́wọ́ nínú ọkọ̀ tí ó lé ní 2,000,000 ní Amẹ́ríkà. Bí ó bá jẹ́ ti àtijọ́ ni, olúkúlùkù ìbá wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi àtúnṣe yìí ránṣẹ́ gbà, ó sì bá àwọn ọkọ̀ náà ní ibi tí wọ́n wà.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ọkọ̀ yìí lè gbà rí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀nà kìíní ni pé ọkọ̀ náà ní ẹ̀rọ kékeré nínú tí ń bá òpó àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù sọ̀rọ̀, bí ẹni pé ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ní fóònù. Ọ̀nà kejì ni Wi-Fi ilé. Wi-Fi ni ọ̀nà tí ẹ̀rọ kan fi ń fún èkejì tí ó wà nítòsí ní íńtánẹ́ẹ̀tì láìlo okùn. Ọ̀nà kẹta ni fóònù tí ó wà lọ́wọ́ awakọ̀ tàbí èrò ọkọ̀. Fóònù yìí ni ó máa ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún ọkọ̀. Pípín yìí ni à ń pè ní hotspot.

Ẹ lè béèrè pé, bí ọkọ̀ bá ti ní ẹ̀rọ tirẹ̀, kí ni ó tún ń fi fóònù ṣe? Ìdí rẹ̀ pọ̀. Àkọ́kọ́ ni owó. Àwòrán ọ̀nà lásán wà fún gbogbo ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n láti ọdún 2020 ni Tesla ti ń gba owó oṣooṣù lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ kí ẹ̀rọ inú ọkọ̀ máa gbé orin àti àwòrán tí ń rìn wá fún un. Dọ́là 9.99 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó ti san owó dátà sórí fóònù rẹ̀ lè má fẹ́ san òmíràn. Èkejì ni pé òpó ilé-iṣẹ́ tí fóònù ń lò lè wà nítòsí ju èyí tí ọkọ̀ ń lò lọ.

Ìdí kẹta ni pé ẹ̀rọ inú ọkọ̀ lè di ti àtijọ́. Àwọn Model S tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ń lo irú ètò fóònù kan tí à ń pè ní 3G. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ AT&T ní Amẹ́ríkà pa 3G tirẹ̀ kí ó lè fi àyè rẹ̀ fún ti ìgbàlódé. Ọkọ̀ tí kò tíì pààrọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ di adití sí òpó náà. Ó ń rìn, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ohun tí ayé ń sọ mọ́. Fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, Wi-Fi ilé tàbí hotspot fóònù ni ọ̀nà tí ó kù. Àwọn àgbà ní, “Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.” Fóònù kéré púpọ̀ sí ọkọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ fóònù tó ibi tí ọwọ́ ọkọ̀ kò tó.

Báwo ni hotspot ṣe ń ṣiṣẹ́? Ẹ fojú inú wo ilé kan tí ó ní ẹ̀rọ omi. Omi ń ti ọ̀nà jíjìn wá sínú ilé náà, aládùúgbò sì ń wá pọn nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni fóònù rí. Ó ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì láti òpó tí ó jìnnà, ó sì ń fi Wi-Fi gbé e fún ẹ̀rọ tí ó wà nítòsí rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ yín ti rí i kí òbí tàbí ẹ̀gbọ́n yín fi fóònù fún kọ̀ǹpútà alágbèéká ní íńtánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ kan náà ni ó ń ṣe fún ọkọ̀. Fóònù Android bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní ọdún 2010, ti iPhone sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2011.

Bí a ṣe ń so wọ́n pọ̀ nìyí:

1. Kí ọkọ̀ wà ní ìdúró. A ó ṣí ibi ètò fóònù, a ó sì tan hotspot.
2. A ó fún hotspot ní páásíwọọ̀dù. Èyí ni ọ̀rọ̀ àṣírí tí kò ní jẹ́ kí ẹni tí a kò mọ̀ wọlé.
3. A ó tẹ Wi-Fi lójú ẹ̀rọ ọkọ̀. Orúkọ àwọn Wi-Fi tí ó wà nítòsí yóò jáde. A ó yan orúkọ fóònù wa, a ó sì tẹ páásíwọọ̀dù náà.
4. Ọkọ̀ Tesla a máa já Wi-Fi sílẹ̀ bí awakọ̀ bá ti fẹ́ gbéra. Nítorí náà, a ó yan èyí tí ó sọ pé kí ó má ṣe já bí ọkọ̀ bá ń rìn.

Nígbà mìíràn, orúkọ fóònù lè má hàn lójú ẹ̀rọ ọkọ̀. Fóònù mìíràn a máa ti hotspot rẹ̀ fúnra rẹ̀ bí kò bá rí ẹ̀rọ tí ó so mọ́ ọn. Kí a tún un tàn, kí a sì wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí fóònù fúnra rẹ̀ kò bá sì rí òpó, kò ní ohun tí yóò fún ọkọ̀. Ẹ̀rọ omi tí ó gbẹ kò lè bu omi fún aládùúgbò.

Onílé ni ó ń san owó omi tí aládùúgbò pọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni dátà tí ọkọ̀ bá lò yóò ṣe kúrò lórí fóònù. Orin kì í jẹ dátà púpọ̀, ṣùgbọ́n àwòrán tí ń rìn a máa jẹ ẹ́ gan-an. Bí a bá ń wo Netflix tí àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere, ó lè jẹ tó gígábáìtì 3 ní wákàtí kan. Ẹni tí ó ní gígábáìtì 6 péré lè rí i pé ó ti tán ní wákàtí méjì. Àtúnṣe kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà a máa tóbi, nítorí náà Wi-Fi ilé ni ó dára jù láti fi gbà á kí a tó jáde. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Hotspot a tún máa tètè fa bátìrì fóònù gbẹ, a sì máa mú kí ara rẹ̀ gbóná. Ó dára kí a fi okùn so ó mọ́ iná ọkọ̀, kí a má sì gbé e sínú oòrùn.

Ohun kan kù tí ó ju owó lọ, òun ni ẹ̀mí. Ọkọ̀ Tesla kì í jẹ́ kí a wo fíìmù lójú ẹ̀rọ iwájú àfi bí ó bá dúró. Ṣùgbọ́n ìgbà kan wà tí ènìyàn lè ṣe àwọn eré kan lójú ẹ̀rọ náà bí ọkọ̀ ti ń rìn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń mójú tó ààbò ojú pópó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí rẹ̀. Ní oṣù náà gan-an, Tesla gbà láti máa ti eré náà pa bí ọkọ̀ bá ń rìn. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ojú awakọ̀ kò lè wà lójú eré kí ó tún wà lójú ọ̀nà.

Nítorí náà, kí awakọ̀ tan hotspot kí ó tó gbéra. Bí ó bá já lójú ọ̀nà, kí ó má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí tẹ fóònù. Èrò ọkọ̀ ni kí ó bá a ṣe é, tàbí kí ó dúró sí ibi tí kò léwu. Ọkọ̀ lè rìn láìní íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kò lè rìn láìséwu bí ojú awakọ̀ bá kúrò lọ́nà.

Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀

hotspot: pípín tí fóònù ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún ẹ̀rọ mìíràn
dátà: ìwọ̀n íńtánẹ́ẹ̀tì tí a fi owó rà
gígábáìtì: òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn dátà
ìjánu: ohun tí awakọ̀ ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè dúró

Ìbéèrè

1. Kí ni oúnjẹ ọkọ̀ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ yìí?
2. Dárúkọ ọ̀nà mẹ́ta tí ọkọ̀ náà lè gbà rí íńtánẹ́ẹ̀tì.
3. Kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn Model S àtijọ́ ní oṣù Kejì ọdún 2022?
4. Kí ni ìdí tí a fi fi fóònù wé ilé tí ó ní ẹ̀rọ omi?
5. Bí fíìmù bá ń jẹ gígábáìtì 3 ní wákàtí kan, gígábáìtì mélòó ni yóò jẹ ní wákàtí mẹ́rin?
6. Kí ni awakọ̀ gbọ́dọ̀ ṣe bí hotspot bá já nígbà tí ọkọ̀ ń rìn?