Àrùn Mẹ́dọ̀wú: Ẹ̀dọ̀ Nìkan Kọ́ ni Ó Ń Bá Jà

Bí a bá dárúkọ àrùn mẹ́dọ̀wú, ẹ̀dọ̀ ni ọkàn gbogbo ènìyàn ń lọ sí, nítorí orúkọ náà fúnra rẹ̀ ni ó ń tọ́ wa síbẹ̀. Kò sì sí irọ́ nínú rẹ̀. Láti ọdún 1994 ni àjọ àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ ti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ pé kòkòrò àrùn mẹ́dọ̀wú oríṣi B a máa fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Ṣùgbọ́n inú ẹ̀jẹ̀ ni kòkòrò yìí ń bá rìn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ibi tí ẹ̀jẹ̀ kì í dé nínú ara.

Ní ilẹ̀ Ṣáínà, àwọn onímọ̀ tọpa àgbàlagbà tí ó sún mọ́ 500,000 fún ọdún púpọ̀. Àbájáde wọn, tí ó jáde ní 2019, fi hàn pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ni ó pọ̀ jù lọ láàrin àwọn tí kòkòrò náà ń bẹ lára wọn; ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ àpòlúkù, ti ìfun ńlá àti ti ẹnu pẹ̀lú pọ̀ láàrin wọn ju ti àwọn ẹlòmíràn lọ. Ní Gúúsù Kòríà, ìwádìí ọdún 2010 so ó pọ̀ mọ́ irú jẹjẹrẹ tí ń mú kókó ọrùn àti ti abíyá wú. Kí ohun méjì máa rìn pọ̀ kò tíì sọ pé ọ̀kan ni ó bí èkejì, ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ní kòkòrò náà ni jẹjẹrẹ kì yóò sì ṣe. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ní láti kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, nítorí àwọn oògùn kan a máa jí kòkòrò tí ó ti sùn.

Kí ni èyí kan àwọn ọmọ Yorùbá tí ń ṣòwò ní Bouaké, àti gbogbo ará Mamini? Ó kàn wọ́n gan-an. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní 2022 ènìyàn mílíọ̀nù 254 ni ó ní àrùn yìí lára láìlọ; nǹkan bí mílíọ̀nù 65 nínú wọn wà ní ẹkùn Áfíríkà, púpọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀. Ìyá a máa kó o ran ọmọ nígbà ìbí. Nínú 100 ọmọ ọwọ́ tí ó bá kó o, nǹkan bí 95 ni yóò máa gbé e kiri. Àjọjẹun kì í ràn án.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀kan ìrókò. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà tí a ń gún ọmọ láàrin wákàtí 24 tí a bí i. Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2004, Côte d'Ivoire ní 2019. Oògùn sì wà tí ń dá kòkòrò náà dúró lára àgbà. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi èyí kọ́ àwọn ọmọ, kí wọ́n sì sọ ọ́ nílé. Orílẹ̀-èdè tí ó ń fẹ́ òmìnira tí ó dúró, ìlera ọmọ rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣọ́.