Ìmúrasílẹ̀ Tí Ó Ṣáájú Ọ̀bẹ: Ọ̀rọ̀ Nípa Oríkèé Tuntun

Àgbẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í dúró di ọjọ́ ìgbìn kí ó tó wá ilẹ̀. Ó ti ṣán igbó, ó ti kọ ebè, ó sì ti yẹ èbù iṣu wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí èyí tí ó ti rà má baà ko bá ìyókù. Bí ó bá ṣe ọ̀lẹ nínú nǹkan wọ̀nyí, ìtọ́jú ẹ̀yìn ìgbìn kò lè dí àlàfo náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí pẹ̀lú iṣẹ́ abẹ tí àwọn oníṣègùn fi ń pààrọ̀ oríkèé tí ó ti bàjẹ́ nínú ara ènìyàn.

Oríkèé ìgbáròkó ni ibi tí orí egungun itan, tí ó rí roboto, ti wọ inú ihò egungun ìbàdí, tí ó sì ń yí níbẹ̀ bí orí ọmọ odó ti í yí nínú odó. Awọ dídán kan bo ojú egungun méjèèjì. Bí awọ yìí bá jẹ tán nítorí ọjọ́ orí tàbí ìpalára, egungun a máa ha egungun. Olúwarẹ̀ kò ní lè rìn dé oko, oorun òru yóò sì di ìṣòro fún un. Ní Nàìjíríà, àwọn ọ̀dọ́ pẹ̀lú ń jìyà rẹ̀, nítorí pé àrùn fòníkú-fọ̀ladìde a máa dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tí ń bọ́ orí egungun itan, tí orí egungun náà yóò sì kú.

Ẹni tí ó fi ìdí pípààrọ̀ oríkèé yìí múlẹ̀ ni John Charnley, oníṣẹ́ abẹ ará England, tí a bí ní ìlú Bury ní ọdún 1911. Ilé ìwòsàn Wrightington ní agbègbè Lancashire, níbi tí a ti ń tọ́jú àwọn oníkọ́ ife tẹ́lẹ̀ rí, ni ó ti ṣe iṣẹ́ náà. Ike funfun kan tí ń jẹ́ Teflon ni ó kọ́kọ́ fi ṣe ihò oríkèé, nítorí pé ó ń yọ̀ púpọ̀. Nǹkan bí 300 aláìsàn ni ó fi í sí lára. Ní ìbẹ̀rẹ̀, inú wọn dùn, ìrora wọn sì lọ. Ṣùgbọ́n kò pé ọdún mélòó kan tí ike náà fi bẹ̀rẹ̀ sí jẹ, tí ẹ̀kúnná rẹ̀ sì ń ba ẹran ara tí ó yí i ká jẹ́. Kí ó lè mọ̀ dájú, Charnley fi abẹ́rẹ́ gún ẹ̀kúnná náà sí itan ara rẹ̀, ibẹ̀ sì wú. Kò fi àṣìṣe náà pamọ́, kò sì dà á sí ẹlòmíràn lọ́rùn: òun fúnra rẹ̀ ni ó tún àwọn aláìsàn náà là láti mú ike náà kúrò.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1962, ó bẹ̀rẹ̀ sí lo ike mìíràn, polyethylene, tí kì í tètè jẹ, pẹ̀lú orí irin kékeré tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 22. Ó fi irú sìmẹ́ńtì kan tí àwọn oníṣègùn eyín mọ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ egungun. Èyí ni ó dúró.

Síbẹ̀, ọ̀tá kejì wà tí ojú lásán kò lè rí. Nínú 100 ènìyàn tí a kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ yìí fún, nǹkan bí 7 ni ọgbẹ́ wọn ń ṣọyún. Ohun kékeré kọ́ ni èyí. A ní láti tún aláìsàn là, kí a yọ oríkèé tuntun náà. Ẹlòmíràn a máa tiro títí ọjọ́ ayé rẹ̀, ẹ̀mí ẹlòmíràn a sì lọ sí i. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹran ara ní ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ní ọmọ ogun tí ń pa kòkòrò àrùn. Irin àti ike kò ní ẹ̀jẹ̀. Kòkòrò díẹ̀ tí ara ì bá tètè ṣẹ́gun nínú ọgbẹ́ mìíràn lè lẹ̀ mọ́ irin, kí ó sì ta ohun yíyọ̀ bo ara rẹ̀, bí èyí tí ń bo òkúta inú odò, tí oògùn kò fi ní lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Charnley kíyèsí i pé awọ ara gbogbo ènìyàn ń já bọ́ ní ẹ̀kúnná láìdúró, tí kòkòrò sì ń bá ẹ̀kúnná náà fò nínú afẹ́fẹ́. Nítorí náà, ó kọ́ ilé kékeré kan sínú iyàrá iṣẹ́ abẹ. A ń sẹ́ afẹ́fẹ́ kí ó tó wọ ibẹ̀, bí a ti í sẹ́ ògì. Àwọn oníṣẹ́ abẹ wọ aṣọ tí ó bo orí àti ara wọn, ọ̀pá sì ń fa èémí wọn jáde. Ó tún àwọn ìbọ̀wọ́ àti ọ̀nà tí a fi ń rán ọgbẹ́ ṣe pẹ̀lú. Nígbà tí ó fi di ọdún 1970, àwọn tí ó ń ṣọyún kò tó 1 nínú 100. Ní ọdún 1982, tí Charnley kú, ìwádìí kan lórí iṣẹ́ abẹ tí ó ju 8,000 lọ ní Britain àti Sweden fi hàn pé 15 nínú 1,000 ni ó ṣọyún níbi tí a kò ti sẹ́ afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n 6 péré níbi tí a ti sẹ́ ẹ. Lónìí, àwọn oníṣègùn ń jiyàn lórí èrè tí ó kù nínú sísẹ́ afẹ́fẹ́, nítorí pé oògùn apakòkòrò tí a ń fún aláìsàn láàárín wákàtí kan ṣáájú ọ̀bẹ ti gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà.

Ojú tí yóò bá ni kalẹ́ kì í ti òwúrọ̀ ṣepin. Ẹni tí a fẹ́ pààrọ̀ oríkèé rẹ̀ ní iṣẹ́ tirẹ̀ láti ṣe ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ṣáájú:

Kí ó lọ tọ́jú eyín tí ó ń ro ó, àti egbò tàbí eéwo tí ó wà lára rẹ̀.

Bí ó bá ní àtọ̀gbẹ, kí ó mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wá sí ìwọ̀n. Bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bá tó, kí a wá ìdí rẹ̀.

Kí ó fi tábà sílẹ̀, nítorí tábà kì í jẹ́ kí ọgbẹ́ tètè jinná.

Kí ó má ṣe gba abẹ́rẹ́ sí oríkèé náà, kí ó má sì sín gbẹ́rẹ́ sí i. Ojú ọ̀nà ni gbogbo rẹ̀ jẹ́ fún kòkòrò.

Kí ó fi ọṣẹ wẹ gbogbo ara ní alẹ́ tí ó ṣáájú, kí ó má sì fi abẹ fẹ́lẹ́ fá irun ibẹ̀.

Ilé pẹ̀lú gbọ́dọ̀ múra. Ẹni tí ó ní ìgbáròkó tuntun kò gbọdọ̀ lóṣòó, kò sì gbọdọ̀ jókòó lórí àpótí kúkurú ní ìbẹ̀rẹ̀, kí oríkèé má baà yẹ̀. Nítorí náà, kí a wá àga gíga àti ìjókòó fún ṣáláńgá, kí a sì ká ẹní tí ó lè gbé e ṣubú kúrò nílẹ̀ kí ó tó dé.

Bí ọgbẹ́ bá ń sun omi fún ọjọ́ púpọ̀, tàbí tí ibà bá dé, tàbí tí ìrora tí ó ti lọ bá padà, kódà lẹ́yìn ọdún mélòó kan, kí ó má ṣe ra oògùn apakòkòrò lọ́jà. Oògùn bẹ́ẹ̀ lè fi kòkòrò náà pamọ́ fún oníṣègùn láì pa á. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ó là á ni kí ó padà sí ní ọjọ́ náà gan-an, kí a lè fa omi inú oríkèé yẹ̀ wò. Ọgbẹ́ tí a bá tètè mú lọ ni a lè fọ̀ nígbà tí oríkèé ṣì lè dúró ní ipò rẹ̀.