«Bá» nínú ìfipábánilòpọ̀ àti «bá» nínú ijó: Àkíyèsí kan lórí èdè ìwòsàn

1. Ìfáárà

Wọ́n ní kí n túmọ̀ ìwé pélébé kan láti èdè Faransé sí Yorùbá. Àwọn obìnrin tí wọ́n ti fipá bá lòpọ̀ ni wọ́n kọ ọ́ fún, ó sì ń ṣàlàyé bí ijó ṣe lè ràn wọ́n lọ́wọ́ láti gbádùn. Nígbà tí mo kà á sí wọn létí, ọ̀kan nínú wọn dá mi dúró. Ó ní: «Kò bá mi ṣe nǹkan kan. Ara mi ni ó ṣe é sí.»

2. Iṣẹ́ «bá»

Ẹ wo àwọn gbólóhùn wọ̀nyí:

(1) Ó bá a jó.
(2) Ó bá a gbé ẹrù.
(3) Ó fipá bá a lòpọ̀.

Nínú (1), àwọn méjèèjì ni ó jó. Nínú (2), ẹnì kan ń ran ẹnì kejì lọ́wọ́. Nínú (3), «fipá» (fi + ipá) fi hàn pé ẹnì kejì kò fẹ́, ṣùgbọ́n «bá» àti «pọ̀» ṣì fi í ṣe alábàáṣe. Ohun tí obìnrin náà gbọ́ nìyẹn. Mo wá kọ ọ́ báyìí: «àwọn tí wọ́n fipá ṣe ìṣekúṣe sí lára». Ní kóòtù àti ní ilé ìwòsàn, «ìfipábánilòpọ̀» tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ṣì wúlò, kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú.

3. Ara àti ijó

Ọ̀nà tí ìwé náà ṣàlàyé ni èyí tí Marian Chace lò láti 1942 ní ilé ìwòsàn St. Elizabeths, ní Washington. Ó máa ń wo bí aláìsàn ṣe ń gbé ara, yóò sì fi ara tirẹ̀ dá a lóhùn. Aláìsàn ni ó ń ṣíwájú. Ní 1966 ni àwọn oníṣẹ́ yìí dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, Chace sì ni ààrẹ àkọ́kọ́.

Ẹni tí wọ́n ṣe irú èyí sí lè máa ta gìrì bí ènìyàn bá sún mọ́ ọn. Ara rẹ̀ lè dà bí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Nínú ijó, òun ni yóò yan ibi tí yóò dúró, ẹni tí yóò sún mọ́ òun, àti ìgbà tí ó tó. Èyí kò rọ́pò dókítà tàbí olùgbani-nímọ̀ràn.

Èdè wa ti ní ọ̀rọ̀ fún un: «ara fu mí», «ara mi kò balẹ̀», «ara mi yá». «Ìtura» pàápàá, «tu» àti «ara» ni. Nítorí náà, n kò ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun fún ìpalára ọkàn. Mo kọ pé: «Láti ọjọ́ náà, ara rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́.»

4. Ìparí

Ìtumọ̀ tó péye nìkan kò tó. Ó yẹ kí a bi ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn bí ó ṣe gbọ́ ọ. Nígbà tí mo ka ìtumọ̀ tuntun náà, mo bi obìnrin yẹn bóyá kí n yọ «bá» kúrò nínú «bá a jó» pẹ̀lú. Ó ní rárá, kí n jẹ́ kí ó wà níbẹ̀: «Èyí, èmi ni mo ní kí wọ́n wá bá mi jó.»